Èyí Tó Yẹ Kó Ṣáájú

Tíṣà ni ọkọ mi kó tó di aṣòfin. Tíṣà ni èmi náà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kàbà la ti pàdé, nígbà tí Kàbà ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara, tí ó jẹ́ pé Ìlọrin la ń wò fún gbogbo nǹkan. A kì í pe ara wa lórúkọ. "Tíṣà" ló ń pè mí, "Tíṣà" lèmi náà ń pè é, kódà lẹ́yìn tí ìṣèlú ti sọ ọ́ di Ọnọ́rébù lẹ́nu gbogbo ayé.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá, ó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ olórí orílẹ̀-èdè, ó sì wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Èkó. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, ó lọ. Èmi wà ní ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjùmú, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ. Ìlú àgbẹ̀ ni, ìlú iṣu àti kọfí. Ẹni tó bá ń ti Ẹkinrin-Adde bọ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá kó má mọ̀ pé ìlú kan wà níbẹ̀ bí kò bá rí ilé ìjọsìn àwọn Àgùdà lórí òkè.

Odò kan wà láàárín wa àti Kàbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fẹsẹ̀ là á kọjá. Nígbà òjò, kò ṣe é sún mọ́. Afárá pákó ni wọ́n tẹ́ lé e lórí. Lọ́dọọdún ni omi máa ń gbé lára pákó náà lọ, lọ́dọọdún làwọn ọkùnrin ìlú sì máa ń tún un tò. Àwọn kan ní iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni láti ṣe afárá gidi, àwọn kan ní ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọkọ mi ti ṣèlérí fún wọn nígbà ìpolongo pé òun á sọ ọ́ débi tí etí gbogbo orílẹ̀-èdè á fi gbọ́. Wọ́n gbà á gbọ́, nítorí pé kò ṣèlérí nǹkan mìíràn.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá ọmọ. Ìgbà tí mo lóyún, ó ti lo ọdún kan ní Èkó. Ìyá ọkọ mi, tí a máa ń pè ní Iyé gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, kò jẹ́ kí n pọn omi mọ́. Ó máa ń gba korobá lọ́wọ́ mi láìsọ̀rọ̀. Bàbá mi tó jẹ́ Mùsùlùmí ní Ìyàrá ń gbàdúrà tirẹ̀, Iyé ń fi ìlẹ̀kẹ̀ rosary gbà tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì máa ń kí ara wọn lọ́nà ọjà pé àdúrà ń gbà.

Nígbà tí oyún náà pé, ọkọ mi kọ̀wé pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ètò tí olórí orílẹ̀-èdè gbé wá sí ilé ìgbìmọ̀, pé òun máa sọ̀rọ̀, tí òun bá ti sọ̀rọ̀ tán òun á wálé wá gbé mi lọ sí Kàbà. Mo dá èsì padà pé kò sí wàhálà.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan wà ní dìsípẹ́ńsárì ìlú wa. Mo lọ rí i lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ó fọwọ́ kàn mí níkùn, ó tún fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Tíṣà, ọmọ yìí dábùú," ó wí. "Èmi kò lè gbẹ̀bí rẹ̀ níhìn-ín. Ẹ lọ sí Kàbà, kí ẹ lọ dúró síbẹ̀. Ẹ má dúró de ìrọbí."

Mo délé, mo sọ fún Iyé. Iyé pe àbúrò ọkọ mi, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣe télọ̀ ní ìlú náà, ó ní kó gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kàbà, kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ó lọ. Nígbà tó padà dé, èmi nìkan ló bá ní ìyẹ̀wù, Iyé wà lẹ́yìnkùlé.

"Mo bá wọn sọ̀rọ̀," ó wí.

"Ṣé o sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí?"

"Mo sọ ọ́ bó ṣe wí. Mo ní ọmọ dábùú." Ó ń wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ọ̀la ni wọ́n máa sọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á gbéra lójú ẹsẹ̀."

Mo ní ó dáa. Nígbà tí Iyé wọlé, ohun tí àbúrò ọkọ mi sọ fún un ni pé ẹ̀gbọ́n òun ti ń bọ̀. Iyé dúpẹ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé onílé ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò, kò sí ìdí tí a ó fi gun mọ́tò ẹlòmíràn. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Òjò rọ̀ lóru yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìrọbí ti mú mi.

Iyé sáré lọ bá ọkùnrin kan tó ń fi takisí ná Kàbà. Wọ́n tẹ́ mi sí ìjókòó ẹ̀yìn, Iyé jókòó tì mí, ó gbé orí mi lé itan rẹ̀, àbúrò ọkọ mi wà níwájú. Ọ̀nà ti di ẹrẹ̀. Mo rántí pé ọkùnrin onítakisí náà ń bẹ mọ́tò rẹ̀ bí ẹni ń bẹ ẹṣin. Nígbà tí a dé etí odò, ó dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fọwọ́ lérí. Kò sí afárá. Kì í ṣe pé omi gbé pákó díẹ̀ lọ bó ti máa ń ṣe. Ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Òpó méjì ló ṣẹ́kù tó yọrí láàárín odò.

Ọ̀nà kejì tó lọ sí Kàbà gba ìpínlẹ̀ mìíràn yípo, ó sì jìn ju kí a dúró de omi lọ. Ohun tí gbogbo ènìyàn wí nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti tò sílẹ̀, ọ̀kan gbé àlùbọ́sà láti òkè Ọya, òmíràn gbé pákó. Obìnrin kan tó ń sun iṣu tà ní etí odò ní kí wọ́n gbé mi wá sí abẹ́ àtíbàbà òun. Iyé kọ̀, ó ní inú mọ́tò ló mọ́. Nítorí náà, inú mọ́tò ni mo wà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Mo ń rí odò láti ibi tí mo wà. Ó pọ́n bí epo.

Òwúrọ̀ lọ, ọ̀sán dé. Omi kò fà. Ìrora náà máa ń wá, á lọ, á tún wá. Iyé ń nu ojú mi pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. Nígbà tó yá, ìrora náà kò jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́. Ó dà bí pé ara ẹlòmíràn ni, mo kàn ń gbọ́ nípa rẹ̀.

Awakọ̀ kan gbé rédíò lé iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ka ọ̀rọ̀ nípa epo, ó ka ọ̀rọ̀ nípa àlejò kan tó wá láti òkèèrè, lẹ́yìn náà ó ní aṣòfin kan láti ìpínlẹ̀ Kwara, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ alátakò, ti bu ẹnu àtẹ́ lu ètò olórí orílẹ̀-èdè. Ó ní aṣòfin náà sọ pé olórí ń kọ́ ilé ńláńlá ní olú-ìlú tuntun, ó ń kó ìrẹsì wọlé láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tó ní iṣu ní oko kò rí afárá gbé e kọjá lọ sí ọjà. Ó ní, "Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kì í ra aago ara ògiri." Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ ká gbọ́ díẹ̀ lára ohùn rẹ̀ gan-an, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn ọkọ mi ni. Ohùn tó fi ń kọ́ ọmọ kíláàsì ni, tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n rántí. Ó dárúkọ odò wa.

Àwọn awakọ̀ hó yèè. Wọ́n ń na ọwọ́ sí odò náà. "Odò yìí nìyẹn! Odò yìí ló ń sọ!" Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọlọ́run á bù kún ọkùnrin yẹn. Ó yẹ kó wà níhìn-ín kó wá wò ó fúnra rẹ̀."

Iyé ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ojú mi. Ó yíjú sí àbúrò ọkọ mi tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Èkó ló wà?" ó bi í. "Ìwọ ni o ní ó ti ń bọ̀."

Àbúrò ọkọ mi yíjú sí odò. Iyé kò sì bi í mọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú mi.

Onítakisí náà kò lè pa á mọ́ra. Ó jáde, ó lọ bá àwọn awakọ̀ náà, ó ní ìyàwó ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò ló wà nínú mọ́tò òun, tó ń rọbí. Awakọ̀ alálùbọ́sà, ará Hausa tó ga fíofío, pa rédíò náà. Ó wá sí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò, ó wò mí, ó ní, "Sànnú, ìyá." Lẹ́yìn náà ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀.

Àwọn ni wọ́n gbé mi kọjá. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí obìnrin oníṣu sísun náà, wọ́n fi okùn so mí mọ́ ọn, wọ́n gbé e lé èjìká. Omi dé wọn láyà. Iyé dúró ní etí odò, kò lè tẹ̀ lé wa. Mo ń wo ojú ọ̀run. Ó mọ́ kedere bí ẹni pé òjò kò rọ̀ rí. Ọmọ náà ti ń yí nínú mi láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ní àárín odò mo ṣàkíyèsí pé kò yí mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ wọn kún.

Ní ìhà kejì, ọkọ̀ kan tó fẹ́ bọ̀ sọ́dọ̀ wa yí padà, ó gbé mi lọ sí Kàbà. Ní ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tó jáfara. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ n kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Dókítà ṣe ohun tó lè ṣe. Ọmọbìnrin ni. Ó ní irun púpọ̀. Wọ́n fi hàn mí nítorí pé mo bèèrè, wọ́n sì gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì ní ẹsẹ̀ mi á jí tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ mi jí.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi àtijọ́ wá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ọkọ mi wá, obìnrin tí n kò mọ̀ rí wá. "Okun o," ni gbogbo wọn ń wí. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yìí kan náà la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń yọ̀, àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àwọn mìíràn ti gbọ́ nípa ọmọ náà. Àwọn mìíràn kò tíì gbọ́, ọ̀rọ̀ inú rédíò nìkan ni wọ́n gbọ́. N kò mọ èyí tí olúkúlùkù ń kí mi sí. N kò bèèrè. Mo ń sọ fún gbogbo wọn pé ẹ ṣeun.

Ọkọ mi dé ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni wọ́n ti sọ fún un. Ó wọlé pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ apá, mo rò pé ó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì sunkún débi pé obìnrin tó wà ní ibùsùn kejì yíjú sí ògiri. Mo ń wò ó. Mo ń retí pé yóò sọ ohun kan. Ó ní, "Tíṣà, ká ní mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ má sunkún mọ́."

Iyé àti àwọn àgbà obìnrin ilé ni wọ́n sin ọmọ náà. Wọn kì í fi ibi tí wọ́n sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ han ìyá rẹ̀, wọn kì í sì í fi han bàbá. Kí n tó kúrò ní ilé ìwòsàn, àwọn ọkùnrin ìlú ti to pákó tuntun sórí odò. Mo gba orí rẹ̀ kọjá padà sílé. Pákó náà ṣì ń rùn bí igi tútù.

Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ gbilẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń sọ ọ̀rọ̀ aago ara ògiri náà nígbà eré. Àwọn tó wà pẹ̀lú ìjọba dáhùn pé ìran rẹ̀ kúrú, pé orílẹ̀-èdè kì í ṣe abúlé, pé olórí ní láti ro ọjọ́ ọ̀la kó tó ro pákó orí odò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan, ọmọ bàbá rẹ̀ àgbà, ni alága ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní ìlú wa. Ó wá kí mi, ó gbé iṣu wá. Ó jókòó.

"Ìyàwó, mo bá ọ kẹ́dùn," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́ ní ohun kan. Ọkọ rẹ ní olórí orílẹ̀-èdè kò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Òun ńkọ́?"

Iyé gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná. Ó jáde, ó gbé iṣu náà, ó gbé e padà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Máa lọ sílé," ó wí. Ó lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Iyé kò bínú sí ìbéèrè náà tó bó ṣe fi hàn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí ọkọ mi bá wálé, ó máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, á sì padà sẹ́yìnkùlé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkọ mi wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Mo ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ.

"Tíṣà," ó wí, "wọ́n tún fẹ́ gbé ètò náà wá. Mo fẹ́ sọ nípa ọmọ wa. Tí o bá ní kí n má sọ ọ́, n kò ní sọ ọ́."

Mo ronú ohun tí mo lè wí. Mo ní, "Ọmọ yín náà ni."

Ó gbà á bí àṣẹ. Ó padà sí Èkó, ó sì sọ ọ́. Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa kà á sókè fún gbogbo tíṣà, èmi sì wà níbẹ̀. Ọkọ mi ti sọ fún ilé ìgbìmọ̀ pé òun sin ọmọ nítorí afárá kan. Ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin ìjọba dìde, ó bi í pé, "Níbo ni ọ̀gbẹ́ni aṣòfin wà lọ́jọ́ náà?" Ọkọ mi sì dáhùn pé, "Ibí yìí ni mo wà. Mò ń sọ̀rọ̀ afárá náà fún yín, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín." Ìwé ìròyìn ní gbogbo ilé ìgbìmọ̀ dákẹ́ lọ gbári.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó nu omi ojú. "Ìdáhùn ọkùnrin nìyẹn," ó wí. Gbogbo wọn wò mí. Mo dìde, mo lọ lu aago ìgbafẹ́, nítorí pé èmi ló kàn.

Oníwèé-ìròyìn kan wá láti Ìlọrin. Ó fẹ́ ya fọ́tò mi ní etí odò. Ó ní kí n wo omi. Mo wo omi. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé àyà. Mo gbé e. Ó ní ó ti dáa, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Fọ́tò náà jáde, wọ́n gé orí obìnrin oníṣu sísun tó dúró lẹ́yìn mi kúrò.

Bí ìdìbò kejì ti ń sún mọ́lé, àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n kan èèkàn sí etí odò, ọkọ̀ sì da òkúta wẹ́wẹ́ jọ bí òkìtì. Àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ọkọ mi ti ṣiṣẹ́. Alága náà ní ẹgbẹ́ òun ló ṣe é. Wọ́n dìbò, ọkọ mi tún wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ náà kò padà wá. Koríko hù bo òkúta náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí àwọn ṣọ́jà tún gba ìjọba, wọ́n sì kó àwọn olóṣèlú tì mọ́lé, àti àwọn tó yin olórí àti àwọn tó bú u. Wọ́n mú ọkọ mi. Wọ́n mú alága náà pẹ̀lú. Mo gbọ́ pé yàrá kan náà ni wọ́n jọ wà fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n jọ ń pín ọṣẹ lò.

Mo máa ń lọ wò ó nígbà tí wọ́n bá gbà wá láàyè. Mo máa ń gbé gaàrí àti ẹja gbígbẹ lọ. Ó ti rù. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa òjò àti nípa ẹsẹ̀ Iyé tó ń wú. Nígbà kan, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó wo wọ́dà tó dúró nítòsí, ó tún pa á dé. Iyé kú kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un.

Nígbà tó padà dé, kò fẹ́ gbọ́ ìṣèlú mọ́. Ó ń lọ sí oko kọfí bàbá rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń pè é ní Ọnọ́rébù, ó sì máa ń dáhùn. Oyún tún dé, nígbà tí n kò wá a mọ́ rárá. Mo sọ fún un ní kúkurú, bí ẹni sọ pé iyọ̀ ti tán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a sá kọfí sórí ẹní níta, àwa méjèèjì jókòó, a ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀. Ó ń ṣa, kò gbójú sókè.

"Tíṣà," ó wí, "àbúrò mi bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí ìrọbí mú ọ. Ó sọ pé ọmọ dábùú. Mo gbọ́ ọ dáadáa."

"Mo mọ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Òun náà ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ yẹn, kó tó bọ́ fìlà orí rẹ̀."

"Gbogbo ìgbà yìí," ó wí. "Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo dáhùn ọkùnrin yẹn nílé ìgbìmọ̀. Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

"Mo ń retí kí ẹ sọ ọ́."

Ó ní wọ́n ti fi orúkọ òun sí ipò ẹni tó máa sọ̀rọ̀, pé tí òun bá jáde wọn kò ní fún òun láàyè mọ́, pé òun rò pé ọjọ́ kan kò lè ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Nítorí afárá náà ni." Lẹ́yìn tó sọ ìyẹn, ó dà bí pé òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo wo inú ara mi bóyá ìbínú wà níbẹ̀. N kò rí i. N kò rí ìdáríjì náà. Kọfí ló wà níwájú mi, mo sì ń ṣa á.

Nígbà tó yá, ó béèrè ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí.

"Nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n, Iyé ló kú kẹ́yìn," mo wí. "Àwọn tó kù ti ṣáájú rẹ̀ lọ."

Ó mi orí. Ìkùukùu ń ṣú láti apá Iya-Gbẹdẹ. A dìde, ó di ẹní náà mú ní ìgun méjì, mo di í mú ní ìgun méjì, a gbé kọfí náà wọlé kí òjò tó dé.

Kò jẹ́ kí oyún náà pé kó tó mú mi lọ sí Kàbà. Ó gba yàrá kan nítòsí ilé ìwòsàn, ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń wá wò ó bí ẹni ń wo ìran. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń dúró lójú ọ̀nà láti bi í ní èrò rẹ̀ nípa ìjọba ṣọ́jà. Á ní òun ń kánjú, omi wà lórí iná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo bí, obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì gbé e jáde fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń wò ó láti orí ibùsùn. Ó di ọmọ náà mú, ó kàn dúró síbẹ̀ láàárín ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, títí mo fi pè é pé kó wá jókòó.